Ìlà Funfun Orí Pápá: Bí A Ti Ń Wọ̀n Ọ́n àti Ohun Tí A Fi Ń Fà Á

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò ní gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ tí ó máa ń ṣáájú ìdíje eré-ìdárayá láàárín àwọn ilé. Àdá ni gbogbo wa máa ń gbé lọ sí pápá. A ó gẹ koríko títí oòrùn yóò fi mú, lẹ́yìn náà ni olùkọ́ eré-ìdárayá yóò dé pẹ̀lú okùn, èèkàn àti garawa ẹfun. Nígbà tí ó bá fi di ìrọ̀lẹ́, pápá tí ewúrẹ́ ará àdúgbò ti ń jẹ̀ lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yóò ti di ohun mìíràn lójú wa, kò sì sí ọmọ tí yóò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ìlà náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Àwa olùkọ́ ìṣirò àti olùkọ́ eré-ìdárayá tí iṣẹ́ yìí wà ní ìkáwọ́ wa nísinsìnyí ni ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí bẹ̀ pé kí a kọ ẹ̀kọ́ kan lórí ohun èlò tí a fi ń fa ìlà pápá. A gbà tìdùnnú-tìdùnnú, nítorí pé ọ̀ràn kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ gbọ́ láti ẹnu wa kí ẹ tó gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn. A ó dé ibẹ̀.

Ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré-ìje kì í ṣe nǹkan tuntun. Nígbà tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa àwọn tí ń sáré ìje, ohun tí ojú wọn mọ̀ ni ó ń bá wọn sọ, nítorí pé ní Ísítímíà, tí kò jìnnà sí ìlú wọn, ni a ti ń ṣe ìdíje ńlá kan ní ọdún méjì-méjì. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ibi ìbẹ̀rẹ̀ eré kan jáde níbẹ̀, èyí tí ó ti wà ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà Pọ́ọ̀lù. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní ìrísí onígun mẹ́ta, tí wọ́n sì gbẹ́ ojú ìlà tín-ín-rín sí i lára. Kòtò kan wà níbi tí gbogbo ìlà náà ti pàdé. Inú kòtò yìí ni ẹni tí yóò dá eré sílẹ̀ ń dúró sí, tí yóò di okùn mẹ́rìndínlógún mú, tí okùn kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ojú ìlà tirẹ̀ lọ sí ìdí igi ìdènà tí ó wà níwájú olùsáré kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti jọ̀wọ́ okùn, gbogbo ìdènà yóò wó lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnì kan má baà fi ìṣísẹ̀ kan ṣáájú ẹnì kejì ni wọ́n ṣe ṣe gbogbo wàhálà yìí.

Ti bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ òfin eré náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1863, àsíá ni wọ́n ní kí a fi sàmì sí ààlà pápá. Ní ọdún 1891 ni pẹ́nárítì wọ inú òfin. Ìlà kan tí ó jìnnà sí ojú ilé ní yáàdì 12 ni a fà láti ẹ̀gbẹ́ kan pápá dé èkejì, ẹni tí yóò gbá a sì lè gbé bọ́ọ̀lù ka ibikíbi tí ó bá wù ú lórí ìlà náà. Àpótí onígun mẹ́rin tí a mọ̀ lónìí dé ní ọdún 1902, a sì fi ìlà kékeré tí ó tẹ̀ bí ọrun sí orí àpótí náà ní ọdún 1937. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni ìlà ọrun yìí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbá pẹ́nárítì, gbogbo àwọn yòókù gbọ́dọ̀ jìnnà sí bọ́ọ̀lù ní mítà 9.15 ó kéré tán. Ojú àmì pẹ́nárítì jìnnà sí ojú ilé ní mítà 11, ìlà àpótí sì jìnnà sí i ní mítà 16.50, èyí tí ó fi hàn pé mítà 5.50 péré ni ó wà láàárín bọ́ọ̀lù àti etí àpótí. Ọrun náà ni ó fi mítà 3.65 tí ó kù hàn fún rẹfirí. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fi èèkàn okùn sí ojú àmì pẹ́nárítì nígbà tí a bá ń fà á, kì í ṣe sí orí ìlà àpótí, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i tí àwọn kan ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí ohun èlò. Bí ènìyàn bá ní ẹ̀rọ ìfàlà tí ó dára jù lọ láyé, tí kò sì ní téèpù gidi, ìlà rẹ̀ yóò funfun, yóò sì wọ́. Téèpù mítà 50 ni a ń lò. Téèpù oníirin kì í fà, ṣùgbọ́n ó ń dípẹtà bí a bá ká a pẹ̀lú omi lára. Èyí tí a fi òwú hun a máa fà díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹni tí ń lò ó kò sì ní mọ̀. A fi tiwa méjèèjì wéra ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, a sì sọ èyí tí a fi òwú hun di ti wíwọn fífò jíjìn àwọn ọmọ kékeré. Kí àwọn òbí wọn dákun má bínú.

Lẹ́yìn téèpù ni èèkàn irin, òòlù, àti okùn tí kì í fà. Okùn náà gbọ́dọ̀ le gan-gan láàárín èèkàn méjì, kí ó kàn sí orí koríko, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbọ̀n ọ́n. Láti mú kí igun pápá dúró ṣánṣán, ọgbọ́n àwọn bíríkìlà tí ń ta ìpìlẹ̀ ilé ni a ń lò. Láti ìdí èèkàn igun, a ó wọn mítà 6 lórí ìlà kan, a ó wọn mítà 8 lórí ìlà kejì. Bí àlàfo tí ó wà láàárín orí méjèèjì bá pé mítà 10 gééré, igun náà tọ́. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti dúró, a ó wọn pápá láti igun dé igun ní ìdábùú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Pápá bọ́ọ̀lù wa gùn ní mítà 100, ó sì fẹ̀ ní mítà 64. Nítorí náà ìdábùú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 118.73. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, pápá náà ti dà bí ẹní tí a fà lápá kan nìyẹn, kí a tún èèkàn gbìn ni ó kù. Àárín àwọn igun wọ̀nyí ni iṣẹ́ púpọ̀ wà, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì ni a ń fi iye rẹ̀ lé, nítorí pé kò sí ibi tí ẹ̀kọ́ Pythagoras ti ń yé ọmọ tó ibẹ̀.

Ní ti òbìrìkìtì àárín pápá, okùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 9.15 tó. Ṣùgbọ́n ibi ìyípo ọ̀nà eré-ìje yàtọ̀, nítorí pé okùn rẹ̀ gùn ju mítà 36 lọ. Okùn náílọ́ọ̀nù tí ẹnì kan fi gbogbo agbára fà lè gùn sí i ní sẹ̀ǹtímítà 20 láìsí wàhálà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, yíyí pápá po lẹ́ẹ̀kan yóò fi mítà 1.26 gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Wáyà tín-ín-rín ni a ń lò báyìí.

Òfin bọ́ọ̀lù sọ pé kí ìlà má ṣe fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, kí ìlà ojú ilé sì fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú òpó. Ìlà jẹ́ ara ibi tí ó yí ká, nítorí náà etí rẹ̀ tí ó wà lóde ni a ń wọn dé. Ìlà eré-ìje fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5.

Ẹ̀rọ tí ń fa ìlà pín sí oríṣìíríṣìí. Agolo mílíìkì tí a fi ìṣó dá ihò sí nídìí, tí a ń gbọ̀n bí ẹni ń sẹ́ èlùbọ́, ni ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpótí onítáyà tí ó ń da ìyẹ̀fun gbígbẹ sílẹ̀ bí a ti ń tì í lọ. Ó rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa gbé ohun tí ó dà sílẹ̀ lọ, òjò kan ṣoṣo a sì máa fọ̀ ọ́ dànù. Èyí tí a fẹ́ràn ni oníròólà: inú àgbá kékeré ni ọ̀dà wà, táyà kan ń yí nínú rẹ̀, ó ń gbé ọ̀dà fún táyà kejì, èyí sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí koríko bí a ti ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní bátìrì, ohun tí ó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ bá rí gbágungbàgun, yóò máa fo ibi kòtò. Èyí tí ń fi bátìrì fín ọ̀dà jáde láti ẹnu páìpù kì í fo kòtò, ọ̀dà díẹ̀ ni ó sì ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ a máa dí bí a kò bá fi asẹ́ sẹ́ ọ̀dà náà, tí a kò sì fi omi fọ̀ ọ́ ní kété tí iṣẹ́ bá parí. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹ̀rọ kan ti wà báyìí tí ó ń fi sátẹ́láìtì mọ ọ̀nà, tí ó ń fa gbogbo ìlà pápá láìsí ẹni tí ó tì í. A kò ní í, a kò sì bèèrè fún un.

Ẹni tí ó bá ń ti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iwájú ni a ń wò, kì í ṣe táyà. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ táyà yóò máa tún ọwọ́ ṣe ní gbogbo ìgbà, ìlà rẹ̀ yóò sì rí bí ipa ọ̀nà ejò.

Ohun tí a ń dà sínú ẹ̀rọ ni ó yẹ kí àwọn òbí fi etí sí gidigidi. Òkúta ẹfun bí irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ni orísun láìmù. Bí a bá lọ òkúta náà kúnná láìsun ún, kì í jó ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá sun ún nínú iná ńlá, ó ti di ohun mìíràn tí ń hó bí omi bá kàn án; bí a sì bu omi pa á tán, láìmù tí ó kù yóò ṣì máa jẹ ẹran ara, pàápàá ibi tí ó bá tutù bí ẹyin ojú. Funfun ni gbogbo wọn, ìyẹ̀fun sì ni gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó wà nínú àpò. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àbójútó ètò ẹ̀kọ́ ní Jápáàn kìlọ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ pé kí wọ́n yẹra fún láìmù tí a sun, kí wọ́n sì máa fi lẹ́búlẹ́bú òkúta tí a kò sun fa ìlà, nítorí ojú àwọn ọmọ.

Àwa náà ti fi ojú rí i. Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, ọmọkùnrin kan tí ń ran wá lọ́wọ́ tẹ̀ ba agolo bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, láìmù sì kún ojú rẹ̀. Olùtọ́jú aláìsàn ilé-ẹ̀kọ́ wa ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ nù ún. Ó dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ sí abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó fi ìka la ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i fún ohun tí ó lé ní ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ojú náà yè. A da ìyókù láìmù náà nù ní ọjọ́ náà gan-an, a kò sì rà á mọ́.

Ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù tí àwọn mẹ́káníìkì ń tú dànù náà ni àwọn kan fi ń fa ìlà, wọ́n ní kì í tètè parẹ́. Òótọ́ ni, kì í tètè parẹ́; koríko ni ó ń pa, ó sì ń fi májèlé sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń fi orúnkún bíbó wólẹ̀ lé. Ẹfun tí a ń wà nílẹ̀ ní Ìjẹ̀rò àti Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì kì í jó ènìyàn. A ń fi omi pò ó títí yóò fi ṣàn bí ògì tí a kò tíì gbé ka iná, a kì í sì í lò ó ní gbígbẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà fa eruku rẹ̀ símú. Fún ọjọ́ ìdíje gan-an, ọ̀dà ara ògiri tí a ń fi omi pò ni a ń lò. Kì í ṣe ọ̀dà olóróró.

Ó wá ku ọ̀ràn tí a sọ níbẹ̀rẹ̀.

Ojú-ọ̀nà mẹ́fà ni pápá wa ní. Òfin eré-ìje sọ pé kí ojú-ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 1.22, kí ìlà ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà nínú ìwọ̀n náà. Rédíọ̀sì ibi ìyípo wa láti inú jẹ́ mítà 36.50. Bí a bá fi ojú-ọ̀nà mẹ́fà tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yí i ká, pápá yóò fẹ̀ ní mítà 87.64, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí a ní, láti ògiri ilé ìsìn dé ìdí àwọn ọ̀pẹ, kò ju mítà 86 lọ. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣáájú wa fi sọ ojú-ọ̀nà kọ̀ọ̀kan di mítà 1 péré. A kò bá wọn wí. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹni tí ó wà ní ojú-ọ̀nà kìíní a máa sáré ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí ìlà tí ó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Nítorí náà mítà 36.70 ni rédíọ̀sì eré tirẹ̀. Ibi ìyípo méjèèjì yóò jẹ́ mítà 230.59, ibi gbọọrọ méjèèjì yóò sì jẹ́ mítà 84.70 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ lè pé 400. Ẹni tí ó wà ní ojú-ọ̀nà kejì ń yí òbìrìkìtì tí ó tóbi jù, nítorí náà ni a ṣe ń sún un síwájú níbi ìbẹ̀rẹ̀. Báwo ni a ó ti sún un tó? Fífẹ̀ ojú-ọ̀nà, lọ́nà méjì, lọ́nà 3.1416. Ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé títóbi pápá kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Fífẹ̀ ojú-ọ̀nà nìkan ni. Bí ó bá fẹ̀ ní mítà 1.22, ìsúnsíwájú jẹ́ mítà 7.67. Bí ó bá fẹ̀ ní mítà 1, ó jẹ́ 6.28.

Ìwé kan wà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá tí a ń kó ohun èlò eré sí. Ó ti wà níbẹ̀ kí èyíkéyìí nínú wa tó di olùkọ́ níhìn-ín. Ohun tí a kọ sí i ni 7.67, 15.33, 23.00, 30.66, 38.33. Ọdọọdún ni a ń fi téèpù wọn iye wọ̀nyí láìbèèrè ohunkóhun. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí a kó kíláàsì SS2 lọ sí pápá láti kọ́ wọn ní ìṣirò òbìrìkìtì, ọmọbìnrin kan wọn ojú-ọ̀nà, ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì wá bá wa pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ohun tí mo rí kò bá ti ara ilẹ̀kùn mu.” A ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Àwa náà jókòó sórí koríko, a ṣe é.

Ọmọ náà ló tọ̀nà. Ojú-ọ̀nà kẹfà wa yẹ kí ó ṣáájú ní mítà 31.42, 38.33 ni a ń fún un. Mítà 6.91 ni a fi ń ta ẹni tí ó wà níbẹ̀ lọ́rẹ. Nígbà tí ẹni ojú-ọ̀nà kìíní sáré mítà 400 gééré, 393.09 ni ẹni ojú-ọ̀nà kẹfà sá. Nínú eré mítà 200, tí ó ní ìyípo kan ṣoṣo, ààbọ̀ èyí ni, mítà 3.46. Ẹ̀yin tí ẹ ti sáré rí mọ iye olùsáré tí ó lè wà nínú mítà méje níbi ìlà ìparí.

A kò lè pe ẹnikẹ́ni padà wá tún eré náà sá. A pinnu pé orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀, ife ẹnikẹ́ni kò sì ní kúrò ní ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ sí ojú ewé náà pé ìwọ̀n eré mítà 400 àti 200 títí di ọdún tó kọjá kò dọ́gba láàárín àwọn ojú-ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wà tí ó fi ìṣísẹ̀ díẹ̀ pàdánù láti ojú-ọ̀nà kìíní tàbí ìkejì, tí ilé rẹ̀ sì dá a lẹ́bi, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ọ̀kan nínú àwa tí a kọ èyí gba ife mítà 400 níhìn-ín nígbà tí ó wà ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, láti ojú-ọ̀nà karùn-ún, pẹ̀lú mítà 5.53 tí kì í ṣe tirẹ̀. Òun ni ó ní kí a má ṣe yọ gbólóhùn yìí kúrò.

A ti ya ìwé náà kúrò lára ilẹ̀kùn. A fi kọnkéré ri bóòtù irin mọ́lẹ̀ ní ojú méjèèjì tí a ti ń fa ìyípo, àti ní ojú ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí orí wọn má ṣe yọ ju ilẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà kọsẹ̀. Ọmọbìnrin náà ni ó kọ iye tuntun sára pátákó: 6.28, 12.57, 18.85, 25.13, 31.42.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú ìdíje àjọ̀dún, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pápá ní aago mẹ́fà àárọ̀. Bí ìrì bá gbẹ, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. A ń fẹ́ ẹni mẹ́rin láàárín ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí yóò bá wa di téèpù mú, bí ó bá ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwọn tí ó ti sáré ní ojú-ọ̀nà kìíní.